Ìlérí ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ́: orúkọ wo ló yẹ owó ìrànwọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tó yẹ ká máa pe "pledge", ìyẹn owó tí wọ́n kéde pé àwọn máa dá, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá péjọ láti dáwó fún ìlú tí ogun ń jà, bíi Sudan. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn ní "ẹ̀jẹ́" ni, pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á.

Ní Òṣogbo níbí, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó tọrọ ọmọ lójúbọ Ọ̀ṣun, tó ní tí òun bá fi ọwọ́ gbọ́mọ òun á mú nǹkan báyìí wá, kò nílò ẹni tó máa sìn ín ní gbèsè. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ti wà lọ́rùn òun. Ohun tí mínísítà ilẹ̀ òkèèrè ń kà jáde lórí pèpéle kò de ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ìjọba rẹ̀ lè yí padà, ilé aṣòfin rẹ̀ lè má buwọ́ lu ìṣúná náà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ ọ. Ìlérí ni. Ìlérí ò sì burú. Kò kàn tíì di owó ni.

Ẹ jẹ́ ká tọpa owó náà láti orísun, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn lọ́wọ́. OCHA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ṣètò ìrànwọ́ pàjáwìrì, á kọ́kọ́ ka iye èèyàn tí ebi ń pa tàbí tí kò nílé mọ́, á wá ṣírò iye tó máa ná wọn. Fún Sudan lọ́dún 2024, bílíọ̀nù 2.7 dọ́là ni wọ́n béèrè. Ìpè fún ìrànwọ́ nìyí. Kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, àwọn aṣojú ìjọba tó fẹ́ gba àlejò á ti máa lọ láti olú-ìlú kan sí òmíràn, kí wọ́n lè mọ iye tí oníkálùkù fẹ́ dá. Ohun tí wọ́n bá kéde lọ́jọ́ náà ni ìlérí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba tó lówó àti àjọ tó máa ná an, WFP (àjọ tó ń pín oúnjẹ) tàbí UNICEF (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé) bí àpẹẹrẹ, á jọ tọwọ́ bọ̀wé: iye owó, irú iṣẹ́, àgbègbè, ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Ìyẹn ló ń jẹ́ àdéhùn. Ìgbà tí owó bá wá wọ àkáǹtì àjọ náà ló tó di owó tó dọ́wọ́. Nínú ìwé ìṣirò tí OCHA gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ìlérí, àdéhùn àti owó tó dọ́wọ́, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn kì í dà á pọ̀. Kí ló dé tí àwa á fi dà á pọ̀?

Ẹnì kan dábàá "owó àtẹ̀lọ́wọ́" fún ìpele ìkẹta. Ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu, àmọ́ kò rọrùn fún ẹni tó ń ka ìròyìn aago méje. "Owó tó dọ́wọ́" ti wà lẹ́nu ìyálọ́jà àti awakọ̀. Mi ò rí ìdí tá a fi máa rọ òmíràn.

Ẹ wo ìpàdé Paris lórí Sudan, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, tó pé ọdún kan géérégé tí ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ìjọba tí Ọ̀gágun Burhan ń darí àti RSF, ẹgbẹ́ ológun tí Hemedti ń darí. Iye tí wọ́n kéde níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méjì yúrò. Rédíò tó bá ní "wọ́n ti fún ìjọba Sudan ní bílíọ̀nù méjì" ti ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹta nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọn ò tíì fúnni. Ìjọba Sudan kọ́ ni wọ́n fẹ́ fún: wọn ò tilẹ̀ pè é síbi ìpàdé náà, ó sì fi ìbínú hàn. Sudan nìkan kọ́ ló wà fún, torí owó àwọn tó sá lọ sí orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí iye fi ń wú ni pé wọ́n lè ka owó ọdún mẹ́ta bíi ti ọdún kan, tàbí kí wọ́n tún kéde owó tí wọ́n ti kéde rí. Ẹ̀yáwó náà sì wà níbẹ̀. Ti ìpàdé ìrànwọ́ fún agbègbè Adágún Chad, tó kan Borno tiwa gan-an, ló yé mi jù. Ní Oslo, oṣù Kejì ọdún 2017, mílíọ̀nù 672 dọ́là ni wọ́n ṣèlérí, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 458 ló wà fún ọdún náà. Ìyókù di ọjọ́ iwájú. Ní Berlin, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, bílíọ̀nù 2.17 dọ́là ni, pẹ̀lú àfikún mílíọ̀nù 467 tó jẹ́ ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré. Ẹ̀yáwó kì í ṣe sogúndogójì lóòótọ́, síbẹ̀ sísan ni wọ́n máa san án. Ẹ má pè é ní "ìrànwọ́" láìfi "ẹ̀yáwó" síwájú rẹ̀.

"Ikọ̀" tí àwọn kan fẹ́ lò fún àwọn aṣojú dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni. Àmọ́ bí ẹ bá ní "ikọ̀ Nàìjíríà ti gúnlẹ̀ sí London" lónìí, èsì bọ́ọ̀lù ni ará Òṣogbo máa béèrè. "Ikọ̀ ìjọba" tàbí "aṣojú ìjọba" ni kó jẹ́.

Níbi ìpàdé mìíràn lórí Sudan ní London, oṣù Kẹrin ọdún 2025, Bìrìtìkó ṣèlérí mílíọ̀nù 120 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n àwọn tó péjọ ò rí ìwé àpapọ̀ tí gbogbo wọn fọwọ́ sí gbé jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn alága ni wọ́n kàn tẹ̀ jáde. Níbi tí ẹnu ò ti kò, kò sí ìfẹnukò, torí náà ìròyìn kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà fún ìpàdé yẹn. (Ẹ sì dákun, ìfẹnukò ni o, kì í ṣe ìfẹnukonu. Mo ti rí i rí.)

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ní Sudan, àwọn ọ̀dọ́ aládùúgbò wà tí wọ́n ń se oúnjẹ fún ará àdúgbò níbi tí ọkọ̀ ìrànwọ́ ò lè dé. "Yàrá" pàjáwìrì ni orúkọ wọn túmọ̀ sí, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ "yàrá" á rò pé ilé ìwòsàn ni. "Ẹgbẹ́ aládùúgbò fún pàjáwìrì" ni mo ń lò báyìí, ó sì gùn jù fún àkọlé ìròyìn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó mú un wá.