"Odi inú" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìdènà ọkàn"

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúpẹ́ gan-an ni. Fún àwọn tí ò bá wa níbẹ̀rẹ̀: mò ń fi Yorùbá sọ ìtàn Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé tí òyìnbó kan, Conan Doyle, kọ, fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ níbí ní Ìjàyè, l'Ábẹ́òkúta, mo wá débi tí mo ti nílò orúkọ fún nǹkan kan tó wà láàárín ọkùnrin yẹn àti Watson ọ̀rẹ́ ẹ̀, nǹkan tí kì í jẹ́ kó lè sọ tinú ẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàrà ní ká pè é ní "ìdènà ọkàn". Màmá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní "ọlọ́kàn líle" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá. Ẹnì kan ní ká kúkú sọ pé ó "tutù", bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú tútù kúrò ńlẹ̀ ná. Kò lè ṣiṣẹ́ yẹn lẹ́nu wa. Èèyàn tútù lọ́dọ̀ wa ni ẹni tí ò lágídí, tí kì í bá èèyàn fa wàhálà. Omi tútù la fi ń wúre. Bí mo bá sọ pé Holmes tutù, àwọn ọmọ yìí á rò pé mò ń yìn ín ni.

Ọlọ́kàn líle ńkọ́? Màmá, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ Bíbélì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Fáráò ló lọ́kàn líle. Ẹni tó sé ọkàn ẹ̀ le gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kò gbà ni, ìkà ti wọ̀ ọ́. Holmes kì í ṣìkà sí Watson, ó fẹ́ràn ẹ̀, kò kàn mọ ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ ni.

Ìdènà ọkàn yẹn ló gbà mí lákòókò jù, torí ó dùn-ún gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo rí sí i rèé. Ìdènà lẹni ẹlẹ́ni máa ń gbé sójú ọ̀nà ẹni, bí èyí táwọn ọlọ́pàá ń fi igi ṣe lójú títì, ìwọ tó ò ń lọ kọ́ lo gbé e síbẹ̀. Holmes fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ tiẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkàn yẹn, mo rò pé èdè òyìnbó ló tì wá débẹ̀. Níbo ni Yorùbá ń kó ìmọ̀lára sí? Inú ń dùn, inú ń bàjẹ́, inú ń bíni, a máa ń finú han ẹni, inú ọ̀rẹ́ méjì lè má mọ́ síra wọn. Àyà ló ń já, ọkàn ló ń balẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ kí èèyàn fẹ́ràn ẹnì kan kó má lè sọ, inú ni. Gbogbo àwọn ìyá wa ló ń sọ ọ́ pé "ó máa ń fi nǹkan sínú." Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó ń fi nǹkan sọ́kàn bẹ́ẹ̀ yẹn, ìyẹn ti di ká má gbàgbé nǹkan.

Ẹ wá wo irú ẹni tá a fẹ́ sọ lórúkọ. Òun àti Watson jọ gbélé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Baker Street ní London, Watson sì gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òrukàn ni, kò ní ẹbí kankan láyé. Àṣé ó ní ẹ̀gbọ́n, Mycroft, tó fi ọdún 7 jù ú lọ, nínú London yẹn náà! Nígbà tí Watson fẹ́ gbéyàwó, Holmes ní òun ò lè bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Reichenbach, omi tó ń já láti orí òkè ní Switzerland, ní 1891 inú ìtàn. Watson gbà pé ọ̀rẹ́ òun ti kú síbẹ̀, ó ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ fún ọdún 3, ó wá di 1894 kí Holmes tó yọ sí i nínú aṣọ arúgbó tó ń tàwé, Watson sì dákú lójijì. (Àwọn òǹkàwé Conan Doyle gan-an dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1893 ló pa Holmes, 1903 ló jí i dìde.)

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn ti nawọ́ sókè. Ó ní: "Àǹtí, ẹ ní kòríkòsùn ni wọ́n. Ẹni tó lè sùn fún ọdún 3 láìrí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ṣé kòríkòsùn ni?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá bá yín.

Ohun tí mo mú wá ni odi inú. Ó mọdi sínú. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, amọdisínú. Odi ò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni Ṣódẹkẹ́ kó wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n sì mọ odi, odi yẹn náà ni àwọn ará Dàhọ̀mì bá pàdé ní 1851, tí wọ́n tún bá pàdé ní 1864. Ogun ló ń mú èèyàn mọ odi, kì í ṣe ìkórìíra àlejò. Holmes náà sọ ọ́ nígbà tó dé pé òun gbé kálàmù lọ́pọ̀ ìgbà láti kọ̀wé sí Watson, ẹ̀rù ló bà òun pé ìfẹ́ tí Watson ní sóun á tú àṣírí òun fáwọn ọ̀tá. Ẹ gbọ́ o. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ìdènà ò lè gbé ìyẹn, odi lè gbé e.

Wọ́n ti ń bá mi jà lórí ẹ̀ o. Ẹnì kan ní odi náà ni ẹni tí ò lè fọhùn, pé ọ̀rọ̀ méjèèjì á dàrú mọ́ra. Wọn ò lè dàrú, ẹnikẹ́ni kì í mọ ẹni tí ò fọhùn yí ìlú ká, "mọ" yẹn ti là á. Ti yíyan ni lódì le díẹ̀, ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á ṣì í kà, mo gbà, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i. Èyí tó dùn mí jù ni ti Jẹ́ríkò, pé tá a bá ti gbọ́ odi, wíwó ló kàn. Rárá o! Odi ní bodè. Ìlú ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń tì í lálẹ́, odi ṣì wà ńbẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Watson. Oníbodè ni mo fẹ́ pè é. Mo mọ̀ pé ẹ máa rántí àwọn aṣọ́bodè Ìdìrókò, àmọ́ ẹ dúró ná.

Nígbà tí bàbá àgbà mi kú, ìyá àgbà ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ogójì ọjọ́ pé, ó padà sọ́jà Láfẹ́ńwá bíi pé nǹkan ò ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á wá, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á fa àtẹ ìrẹsì ọ̀fàdà mọ́ra, á máa ṣa òkúta inú ẹ̀ sínú abọ́ kékeré, ẹ óò máa gbọ́ ọ, tó, tó, tó. Kò ní béèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ìyá àgbà kàn ní, "Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn." Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò gbójú sókè, ó ń ṣa òkúta lọ, ìyá àgbà wá ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀gànjọ́. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bi ọ̀rẹ́ ìyá àgbà yẹn, ó ní, "Mi ò lè kanlẹ̀kùn fún un. Ẹnu ọ̀nà ni tèmi, tó bá ṣí i, á bá mi ńbẹ̀."

Mo ti rí èsì fún ọmọ yẹn. Watson ni kòríkòsùn. Holmes kọ́. Ọ̀rẹ́ lè má dọ́gba kó sì jẹ́ ọ̀rẹ́, a ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ kan ṣoṣo bo àwọn méjèèjì.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa dé ibi tí ọ̀daràn kan ti yìnbọn bá Watson nítan, tí Holmes fi ọ̀bẹ àpò ya ṣòkòtò ẹ̀ láti wo ojú ọgbẹ́, tó sì sọ fún ọ̀daràn yẹn pé ká ní Watson kú ni, kò ní jáde láàyè nínú yàrá yẹn. Ojú ọgbẹ́ ò jìn. Bí mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ Watson fún wọn rèé: "Odi ò wó, àmọ́ mo rí bodè tó ṣí, mo sì rí bí ìlú inú ẹ̀ ṣe tóbi tó." Ẹ̀gbọ́n Ìbàrà, ẹ bá mi wo "ìlú" yẹn, bóyá "agboolé" ló yẹ kó wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, torí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé wọn.