Ejò Ọ̀sìn àti Òkúta Àyídán: Èsì sí Ìbéèrè Kan Lórí Orúkọ

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín. Ẹnìkan nínú wa tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà béèrè orúkọ tí Yorùbá lè fún ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbafẹ́. Ọmọ náà ń tọ́jú òjòlá kékeré kan nínú ilé, ó ń ṣa òkúta létí odò, ó ń fi ẹ̀rọ mú òkúta náà dán, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ejò lé orí òkúta wọ̀nyí láti yà á ní fọ́tò. Ìdáhùn méjì ti wọlé. Èkínní ní kí a pè é ní “fọ́tò ejò tí a ń sìn lórí ọta”. Èkejì ní kí a kúkú pè é ní “àwòrán ẹran ọ̀sìn àti òkúta dídán”. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ èkínní rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó gbé e ró, ìyẹn sìn àti ọta, ti ní iṣẹ́ ńlá mìíràn tí wọ́n ń ṣe nínú èdè, iṣẹ́ náà sì kan ejò àti òkúta gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sìn. Ohùn kan náà ni a fi ń pe sìn tí ó jẹ mọ́ títọ́ ẹran àti sìn tí ó jẹ mọ́ bíbọ òrìṣà. Bí mo bá sọ pé bàbá mi ń sìn ewúrẹ́, kò sí ẹni tí yóò ṣì mí gbọ́. Ti òjòlá yàtọ̀. Ní ìlú Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà kan wà tí ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, òjòlá ni ó sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀yà ejò kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú àpótí gíláàsì ọmọ ará Amẹ́ríkà yẹn, òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Python regius. Wọn a máa jẹ́ kí àwọn ejò náà jáde lọ wá oúnjẹ, bí ọ̀kan bá sì yà sí ilé ẹnìkan, onílé kì í pa á. Ṣe ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ gbé e padà. “Ejò tí wọ́n ń sìn” nìyẹn ní tòótọ́. Láti Benin, Tógò àti Gánà yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò ti ń kó ẹ̀yà ejò yìí lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, lábẹ́ àdéhùn CITES tí ó ń ṣọ́ òwò ẹranko ìgbẹ́ láàrin orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ kan náà ni ejò tí wọ́n ń bọ àti ejò tí wọ́n ń tọ́ ti wá. Bí a bá wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo pe méjèèjì, báwo ni ẹni tí ń kà á yóò ṣe mọ èyí tí à ń wí?

Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, wàhálà náà tán: ìsìn ni ti òrìṣà, ọ̀sìn ni ti ẹran. Ìdí nìyí tí mo fi gba “ejò ọ̀sìn” wọlé. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹni kejì pé kí ó yọ “ẹran” kúrò níbẹ̀, torí pé bí Yorùbá bá gbọ́ ẹran ọ̀sìn, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ tí a ó tà tàbí tí a ó pa ni ọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀sìn fúnra rẹ̀ ti ní èrò èrè nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ba nǹkan jẹ́, nítorí àwọn tí ń tọ́ òjòlá ní Amẹ́ríkà ń mú akọ mọ́ abo kí wọ́n lè rí irú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ní 1992 ni òjòlá àfín kọ́kọ́ jáde láti inú ẹyin lọ́nà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀sìn pọ́ńbélé ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé àfín tí mo lò yẹn kò nílò àlàyé kankan.

Ọ̀rọ̀ ọta ni ó ká mi lára jù. Òótọ́ ni pé òkúta odò tí ó jọ̀lọ̀ ni ọta, yàtọ̀ sí ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n ọta ni òkúta tí àwọn àgbà ń ṣà fún òrìṣà, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà: otán ni wọ́n ń pè é ní Cuba títí di òní, otá ni wọ́n ń pè é ní Brazil. Bí ẹni tí ó ń gbé ní Salvador, ní Brazil, bá gbọ́ “ejò lórí ọta”, ojúbọ Òṣùmàrè, òrìṣà tí ejò jẹ́ àmì rẹ̀, ni yóò rò pé a ń ṣàpèjúwe, a kò sì lè bá a wí. Ẹdùn àrá pàápàá, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn àtijọ́ ni ó lọ̀ ọ́ tí ó fi dán, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì sọ pé àáké òkúta ni, Ṣàngó ni a fi í fún, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe òkúta mìíràn.

“Òkúta dídán” kò burú, àmọ́ kò sọ tó. Òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ rin náà ń dán. Ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe ni pé ó ń da òkúta sínú àgbá rọ́bà kékeré pẹ̀lú omi àti iyẹ̀ líle tí ó dà bí iyanrìn, iná mànàmáná a sì máa yí àgbá náà tọ̀sán-tòru. Iyẹ̀ tí ó rí ṣákiṣàki ni ó ń kọ́kọ́ lò, yóò wá máa fi èyí tí ó kúnná rọ́pò rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan a sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn bí oṣù kan, òkúta tí ó rí gbágungbàgun yóò jáde ní rìbìtì, yóò máa dán gbinrin láìtilẹ̀ lómi lára. Yíyí ni ó mú un dán, nítorí náà “òkúta àyídán” ni mo dábàá. Ọ̀nà yìí yóò jẹ́ kí a lè pe òkúta tí wọ́n gé kí wọ́n tó mú un dán ní “àgédán”, kí a sì fi “àlọ̀dán” sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n fi ọwọ́ lọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí Ìlọrin fi lókìkí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé gbé wá síbẹ̀.

Ní ti àwòrán àti fọ́tò, n kò ní fi àkókò ṣòfò. Èyí tí a fi ọwọ́ yà pẹ̀lú ń jẹ́ àwòrán. Fọ́tò ni gbogbo ènìyàn ń pe ti kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sábẹ́ fọ́tò náà. Bí ẹ̀rù bá ba òjòlá yìí, bóyá nítorí ọwọ́ tí kò mọ̀ tàbí nítorí òkúta tútù, yóò ká bí òṣùká, yóò sì ki orí bọ àárín. Ìṣe yìí ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ ní ball python, ìyẹn òjòlá tí ń ká bíi bọ́ọ̀lù. Mo ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kọ “òjòlá ń sinmi” sí lábẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ejò náà kò sinmi, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Èyí tí ara tù a máa na ara rẹ̀ gba àárín àwọn òkúta, orí rẹ̀ a sì hàn. Mo dábàá “ká mọ́ra” fún ti ẹ̀rù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ìdílé ọdẹ wá, tí ó mọ ohun tí àwọn ọdẹ ń pe ejò tí ó fi ara rẹ̀ bo orí báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí n lè fi rọ́pò tèmi.