Ẹ gbà mí o: oúnjẹ Íńdíà fún àna tó jẹ́ vegan, Sátidé yìí

ÌyáDàpọ̀_SE28 · Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá ọmọbìnrin tí Dàpọ̀ fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá jẹun nílé wa ní Sátidé. Ará Íńdíà ni wọ́n, vegan sì ni wọ́n, wọn kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi se oúnjẹ ilẹ̀ wọn, n kò fẹ́ rà á. Kí ni kí n sè? Níbo ni kí n ti ra èròjà? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ dákun.

Aláta_RyeLane · 9:24 alẹ́
Ẹ kú alẹ́, mà. Masoor dal ni kí ẹ sè, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó ti là sí méjì. Òun ló yá jù, ẹ ò ní láti rẹ ẹ́. Ẹ wọn 200 gíráàmù, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, ẹ da omi lítà kan lé e, kí ẹ fi haldi, ìyẹn ata ilẹ̀ pupa, ìdajì ṣíbí tíì sí i. Tó bá hó, ẹ bu ìfófò orí rẹ̀ dànù, ẹ dín iná kù. Ní ìṣẹ́jú 25 yóò ti fọ́. Ẹ wá fi iyọ̀ sí i.

Tadka, ìyẹn òróró gbígbóná tí a dín èròjà sínú rẹ̀, ló ni adùn rẹ̀, ẹ má fò ó. Páànù kékeré, òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó da èso jeera (cumin) ṣíbí tíì kan sí i. Yóò máa ta pàràpàrà, òórùn rẹ̀ á sì jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ da ọmọ aáyù mẹ́rin tí ẹ gé wẹ́wẹ́ àti ata gbígbẹ méjì sí i. Bí etí aáyù bá ti ń pọ́n, ẹ gbé páànù kúrò lórí iná kí ẹ tó fi ata lílọ̀ sí i, torí ata lílọ̀ tètè máa ń jóná, yóò sì korò. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ dà sórí ẹ̀wà náà lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà. Bí kò bá dún, òróró yín kò gbóná tó.

Kọ́rì tí a fi ń se ìrẹsì, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń lò.

ỌmọÌbàdàn_Leeds · 9:31 alẹ́
Palak paneer ni, mà. Ẹ̀fọ́ pẹ̀lú paneer. Kò sí ará Íńdíà tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Aláta_RyeLane · 9:33 alẹ́
Ẹ̀gbọ́n, wàrà ni paneer. Bí àwọn Fúlàní ṣe ń mú kí wàrà dì kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Vegan kì í jẹ ẹ́. Bọ́tà tí wọ́n yọ́ ni ghee. Yógọ́ọ̀tì tàbí wàrà sábà máa ń wà nínú naan, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Íńdíà tí kì í jẹ ẹran ló ń mu wàrà dáadáa, nítorí náà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé kò ní ẹran, ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ ka èròjà rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ọmọ_EalingRoad · 9:40 alẹ́
Mà, ẹ kò sọ apá ibi tí wọ́n ti wá, Íńdíà kì í sì í ṣe ìlú kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Jain, wọn kì í jẹ àlùbọ́sà, aáyù, ọ̀dùnkún, tàbí ohunkóhun tí a ń hú nílẹ̀. Àwọn Swaminarayan, ìjọ kan nínú ẹ̀sìn Híńdù, náà kì í jẹ àlùbọ́sà àti aáyù. Tadka tí wọ́n júwe lókè yẹn á di ohun tí àna yín kò lè fẹnu kàn. Ẹ ní kí Dàpọ̀ béèrè ní alẹ́ yìí.

Hing (asafoetida) ni wọ́n fi ń rọ́pò àlùbọ́sà. Bíńtín ni, ìwọ̀n tí ṣóńṣó ọ̀bẹ lè gbé, inú òróró gbígbóná lẹ ó sì dà á sí, torí òórùn rẹ̀ burú ní tútù. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ń yẹra fún àlìkámà, ẹ wo ara ike hing náà dáadáa: ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń pò ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹlẹ́wà_Dartford · 10:02 alẹ́
Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí mà se rajma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí. Rajma ni ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín. Mo rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, mo gbé e sínú slow cooker, ìkòkò iná mànàmáná tó ń se oúnjẹ jẹ́jẹ́, láàárọ̀, mo fi í sórí low, iná tó kéré jù. Ẹni márùn-ún jẹ ẹ́ lálẹ́. Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, àwa márààrún ti ń bì, inú sì ń ṣí wa.

Májèlé kan wà nínú ẹ̀wà náà tí wọ́n ń pè ní phytohaemagglutinin. Híhó gidi ló ń pa á. Slow cooker lórí low lè má dé ibi tí omi ti ń hó, bí ẹ̀wà náà bá sì dúró ní nǹkan bí 80 °C, agbára májèlé yẹn á tún pọ̀ ju ti ẹ̀wà tútù lọ. Ẹ̀wà tútù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré tó láti da inú àgbàlagbà rú. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó dùn, kò sí ohun tí ẹ máa fi mọ̀.

Àdùkẹ́_Woolwich · 10:05 alẹ́
Yéè! Ọ̀kan wà nínú slow cooker mi lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹlẹ́wà_Dartford · 10:06 alẹ́
Ẹ pa á. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ ṣan ẹ̀wà náà, ẹ gbé e kaná nínú omi tuntun, kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí ẹ wá sè é jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan títí yóò fi rọ̀.

Bọ̀dá_Houston · 10:20 alẹ́
Ìṣẹ́jú 30 ni, kì í ṣe 10. Ohun tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ níbí nìyẹn: ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, ẹ da omi rẹ̀ nù, kó hó fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹlẹ́wà_Dartford · 10:27 alẹ́
Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ṣáà ti jẹ́ híhó gidi.

Bọ̀dá_Houston · 10:34 alẹ́
Májèlé náà ń kú ní ìṣẹ́jú 10 lórí 100 °C lóòótọ́. Wọ́n fi 20 kún un kó lè dájú pé gbogbo ẹ̀wà inú ìkòkò ló gbóná dé inú. Ìkòkò ńlá, ẹ̀wà kílò méjì, ẹ rò ó wò. Ta ló ń jókòó ti ìkòkò tó ń fi aago wo ìgbà tí híhó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · 10:41 alẹ́
Ẹ̀wà olóyin ńkọ́? Èmi ò rẹ ẹ́ rí o. Ẹ̀rù ti bà mí.

Ọmọ_EalingRoad · 10:50 alẹ́
Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ọ̀tọ̀ ni ìdílé ẹ̀wà wa, Vigna ni, láti ilẹ̀ Áfíríkà. Phaseolus ni rajma, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Inú rajma ni májèlé yẹn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Masoor tí wọ́n sọ lókè náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rajma inú agolo ti jinná tán pátápátá, ẹ kàn ṣan án.

Àdùkẹ́_Woolwich · 10:58 alẹ́
Mo ti dà á nù tẹ̀wàtẹ̀wà. N kò lè fi ọkàn sí i mọ́.

Alágbẹ̀dẹ_Kent · 11:15 alẹ́
Pressure cooker, ìkòkò tó ń há ooru mọ́ inú, ni kí gbogbo yín lọ rà. Ìdajì ìkòkò ni kí ẹ̀wà àti omi dé, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìfófò máa ń dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ kán òróró díẹ̀ sínú omi náà kí ó má fófòó. Bí ooru bá ń jáde létí ọmọrí, rọ́bà inú rẹ̀ ló ti gan: ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, bí ó bá sì ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ipá ṣí i rárá.

Bọ̀dá_Houston · 11:21 alẹ́
Ìyẹn kọ́ ni mà béèrè.

Alágbẹ̀dẹ_Kent · 11:23 alẹ́
Slow cooker kọ́ ni wọ́n béèrè náà.

Màmá_Onílàá · Ọjọ́bọ̀, 6:48 àárọ̀
Ẹ káàárọ̀. Gbogbo òru lẹ fi jà lórí ẹ̀wà tí mà kò dárúkọ. Ìyá Dàpọ̀, ẹ̀wà funfun olójú dúdú tó wà nínú ike nílé yín, àwọn ará Punjab ń pè é ní lobia, wọ́n sì ń sè é dáadáa. 250 gíráàmù. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kó rọ̀ láìfọ́. Ẹ má da omi rẹ̀ nù. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, ó máa ń jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà yi. Ẹ bu sódà ìyan-búrẹ́dì ìlàrin ṣíbí tíì sí i bí ẹ̀wà bá ti pẹ́ nílé. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rí bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ìkòkò kejì: òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, jeera ṣíbí tíì kan, àlùbọ́sà ńlá kan tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Ẹ dín in títí yóò fi pọ́n dáadáa, nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Bí ẹ bá kánjú níbí, ọbẹ̀ náà á funfun, kò ní ládùn. Lẹ́yìn náà, jínjà àti aáyù tí ẹ gún pọ̀, ṣíbí ìjẹun kan, fún ìṣẹ́jú kan. Haldi ìdajì ṣíbí tíì, dhania (coriander) lílọ̀ ṣíbí tíì méjì, ata lílọ̀ ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́, ẹ wọ́n omi sí i kí wọ́n má baà jó. Tòmátì mẹ́ta tí ẹ ti lọ̀. Ẹ dín in bí a ṣe ń dín ata: títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tí òróró á sì yọ sókè. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da ẹ̀wà àti omi rẹ̀ sí i. Tòmátì kò gbọ̀dọ̀ kan ẹ̀wà kí ó tó rọ̀, torí kíkan rẹ̀ kò ní jẹ́ kó rọ̀ mọ́. Iná jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà mọ́ ara ìkòkò kí ọbẹ̀ lè ki. Garam masala, àpòpọ̀ èròjà lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì àti kasuri methi, ewé fenugreek gbígbẹ, tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Ilá ni kí ẹ fi kún un, bhindi. Kò gbọdọ̀ yọ̀ rárá, ìdàkejì tiwa ni. Ẹ fọ ilá náà ní odindi, ẹ nù ún gbẹ pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Páànù fífẹ̀, iná tó lágbára díẹ̀, kí ẹ má ṣe dé e, kí ẹ má sì fi iyọ̀ sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Omi díẹ̀ tàbí ọmọrí ló ń mú kó yọ̀. Amchur, máńgòrò tí wọ́n sá tí wọ́n lọ̀, ìdajì ṣíbí tíì, ló máa fún un ní kíkan.

Àdùkẹ́_Woolwich · 7:30 àárọ̀
Níti ọjà: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ní Abbey Wood, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni dé Southall, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Aláta_RyeLane · 7:41 àárọ̀
Kí wọ́n lọ sí Southall nítorí jeera? Gbogbo nǹkan yìí wà ní Rye Lane, ní Peckham. Ẹ tún lè lọ sí Green Street, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Àdùkẹ́_Woolwich · 7:44 àárọ̀
Kasuri methi àti amchur tí kò tíì pẹ́ lórí igbá, Southall ni. Èròjà tó ti pẹ́ kò ní òórùn mọ́, ẹ kàn máa fi ṣe àwọ̀ ni.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · 9:02 àárọ̀
Ẹ má gbàgbé chapati. Chapati ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn tí kò ní wàrà. Ìyẹ̀fun atta, ìyẹ̀fun àlìkámà, 250 gíráàmù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi 155 mílílítà, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ẹ bò ó fún ìdajì wákàtí. Yóò jẹ́ mẹ́wàá. Páànù gbọ́dọ̀ gbóná gidi kí ẹ tó tẹ́ ẹ lé e. Bí iná bá kéré, yóò pẹ́ kó tó jinná, yóò sì gan bíi kókóró.

ÌyáDàpọ̀_SE28 · Ọjọ́bọ̀, 8:55 alẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á bù kún yín. Dàpọ̀ ti béèrè. Gujarat ni wọ́n, Leicester ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń jẹ àlùbọ́sà àti aáyù. Lobia ni màá sè. Ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù àti dòdò ni màá gbé tì í.

Ọmọ_EalingRoad · 9:03 alẹ́
Gujarat! Chora ni wọ́n ń pe ẹ̀wà yẹn níbẹ̀. Ẹ fi èso ajwain, èròjà olóòórùn kan, ìlàrin ṣíbí tíì sí òróró, àti jaggery, ṣúgà ìrèké, ṣíbí tíì kan pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ ní ìparí. Wọ́n fẹ́ràn kí oúnjẹ dùn díẹ̀, kó sì kan díẹ̀.

Aláta_RyeLane · 9:06 alẹ́
Mà, ẹ fi jọ́lọ́ọ̀fù sílẹ̀. Tòmátì ni ọbẹ̀ yẹn, tòmátì ni jọ́lọ́ọ̀fù, wọ́n á máa bára wọn jà lẹ́nu. Basmati funfun: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, ife kan sí omi ife kan àbọ̀.

ÌyáDàpọ̀_SE28 · 9:15 alẹ́
N kò ní fi ṣúgà sí ẹ̀wà. Jọ́lọ́ọ̀fù náà ńkọ́, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún wa lọ́mọ, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí à ń jẹ nílé wa.

Màmá_Onílàá · 9:22 alẹ́
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún mágí inú jọ́lọ́ọ̀fù náà: adìẹ tàbí màlúù wà nínú òmíràn, wàrà sì wà nínú òmíràn, ẹ ka ara rẹ̀. Ẹ má fi bọ́tà parí rẹ̀ o. Òróró tí ẹ bá ti fi dín ẹja, ẹ má fi dín dòdò wọn.

ÌyáDàpọ̀_SE28 · Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 alẹ́
Mo ti ra òróró tuntun. Ẹ̀wà náà, àárọ̀ kùtù ọ̀la ni màá rẹ ẹ́. Mo rí jeera, dhania àti garam masala ní Plumstead, n kò rí kasuri methi. Ṣé mo lè fò ó?

Màmá_Onílàá · 10:43 alẹ́
Ẹ fò ó. Ẹ gé ewé dhania tútù lé e lórí nígbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.