Omi ti dé ẹ̀yìnkùlé wa o, ibo ni kí n kó adìyẹ àti ewúrẹ́ mi lọ?

Ìyá Bọ̀lá:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíá, mi ò lè sùn. Apá Ìṣẹrì la wà, létí odò Ògùn. Àtọjọ́ Mọ́ńdè òjò ò kán síbí rárá, oòrùn ń ràn gan-an, àmọ́ omi ń gòkè, wọ́n ní omi dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ni. Àná mo ri igi kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga kí n lè máa fi wò ó, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ òní omi ti mu igi yẹn dé ìdajì. Mo ní adìyẹ nóílà 47 tó pé ọ̀sẹ̀ méje, ewúrẹ́ 3, ọ̀kan lóyún ó sì ti fẹ́ bí, pẹ̀lú Bingo ajá wa. Bàbá Bọ̀lá ní kí n fara balẹ̀, pé lọ́dún tó kọjá omi ò wọ ilé adìyẹ. Kí ni kí n ṣe?

Alhaja Ẹlẹ́yin:
Mummy Bọ̀lá, ẹ kó ẹran yín lálẹ́ yìí, ẹ máa bẹ bàbá tó bá yá 😂. Omi odò kì í sáré bíi ti àgbàrá, ṣe ló máa ń yọ́ wọlé. Ẹ ó rò pé ó ti dúró, ẹ ó lọ sùn, tó bá di aago mẹ́ta òru ẹ ó kàn gbọ́ tí adìyẹ ń pariwo.

Sùúrù Fáàmù:
Òru gan-an ló dáa láti kó adìyẹ. Ẹ pa iná, wọn ò ní sá, ẹ kàn máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Ẹ wá páálí, ẹ dá ihò sí i lára, mẹ́jọ mẹ́jọ ti tó. Ẹ má dì wọ́n sínú àpò o, ooru á pa wọ́n kí omi tó débẹ̀. Oúnjẹ wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Èyí tómi bá ti wọ̀, ẹ dà á nù, ẹ má sá a sóòrùn kẹ́ ẹ tún wá fún wọn jẹ, èébu inú ẹ̀ máa ń pa adìyẹ.

Bọ̀ọ̀dá Túndé:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. 2022 mo so tèmi mọ́ ìdí máńgòrò, mo ní kó má bàa rìn wọnú omi, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí mo dé, imú ẹ̀ nìkan ló kù lókè omi, okùn ti fún un lọ́rùn, kò sí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, eyín ni mo fi já a. Ó yè, àmọ́ láti ọjọ́ náà tó bá ti rí okùn báyìí á bú sígbe.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ tà wọ́n jàre. Èmi tí omi gbé ẹja àrọ̀ mi lọ ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, tí wọ́n ń fi ike bu ẹja mi lójú títì, ẹ̀rín ni mo kàn ń rín.

Ìyá Bọ̀lá:
@Ọmọ Ìbàdàn ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Gbogbo àdúgbò ló ń tà báyìí, iye tí wọ́n ń pè é ò tó owó oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ. Kérésì ni mo ń sìn wọ́n dè.

Dókítà Ẹran:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èyí tó lóyún yẹn, ẹ gbé e ni o, ẹ má fi okùn wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kó sùn sílẹ̀ tútù, òtútù máa ń kọ lu àyà wọn. Bingo ńkọ́, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Mò ń bi yín torí tẹ́ ẹ bá kó lọ bá àlejò, ọmọ oníǹkan máa fọwọ́ kàn án. Ẹ má tì í mọ́ kéèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ìkankan nínú wọn mu omi tó ya yẹn, ṣaláńgá gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ tútù ló máa ń fà á.

Ìyá Bọ̀lá:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti kó wọn o! Aládùúgbò wa kan ń kọ́lé lọ́wọ́, ó ti dékì, ó ní ká kó wọn sókè. Adìyẹ 46 ló débẹ̀, ọ̀kan ti kú nínú páálí, Bọ̀lá ló kó mọ́kànlá sí i. Ewúrẹ́ olóyún ti jẹ apá kan àpò sìmẹ́ńtì onílé. Bingo ò gun àtẹ̀gùn, bàbá Bọ̀lá ló gbé e pọ̀n. Aago mẹ́rin àárọ̀ omi wọ ilé adìyẹ, ó dé orúnkún mi. Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ 😂. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí sọ́dọ́ọ̀sì gbígbẹ lápá Berger? Ilẹ̀ dékì yẹn tutù.

Sùúrù Fáàmù:
Mo ní àpò mẹ́ta. Ẹ rán oníkẹ̀kẹ́ wá, owó kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ máa san.