Awò wo ló yẹ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kí oòrùn tó yọ?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́. Láti Bódìjà ni mo ti máa ń gbéra gba Ojóò lọ sí Mọ́níyà, mo sì máa ń jáde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, kí ọkọ̀ tó gba títì. N kò lè gùn ún láìlo awò nítorí eruku àti kòkòrò, ṣùgbọ́n awò dúdú tí mo ní kì í jẹ́ kí n tètè rí kòtò ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bẹ́ẹ̀, tí n bá ń padà bọ̀ tí oòrùn ti ń ta, òun gan-an ni ojú mi ń fẹ́. Ẹni tó ń ta awò fi oríṣi méjì mìíràn hàn mí: aláwọ̀ ìyeyè, tó ní ó ń sọ òru di ọ̀sán, àti èyí tó máa ń ṣú fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ràn, tí owó rẹ̀ ga púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́:
Ìyeyè ni kí o mú, ọmọ mi. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá mú kí títì àti ojú ọ̀run rí bákan náà, òun ni mo ń lò, etí kòtò sì máa ń hàn sí mi ketekete ju ti ojú lásán lọ.

Oníṣẹ́ Awò:
Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa ọyẹ́, nítorí pé awò ìyeyè máa ń dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù lọ́nà, èyí tó ń jẹ́ kí etí nǹkan yọ síta, tí ojú á fi máa rò pé ilẹ̀ ti mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí awò tó lè fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí Schepens Eye Research Institute ní Boston gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí àwọn ènìyàn ti fi awò ìyeyè wa ọkọ̀ òru nínú ẹ̀rọ àfiṣe, wọ́n sì rí i pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tètè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ òru tó ń di ọ̀sán yẹn, ẹnu ọjà ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni iye ìmọ́lẹ̀ tí awò náà ń jẹ́ kó kọjá, kí ẹ tó wo àwọ̀. Awò tí wọ́n ṣe dáadáa sábà máa ń ní nọ́ńbà láti 0 dé 4 nínú apá rẹ̀. 0 ń jẹ́ kí ohun tó ju ìdá 80 nínú 100 kọjá. 1 wà láàárín 43 sí 80. 2 wà láàárín 18 sí 43. 3, tí í ṣe awò dúdú tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, kò ju 8 sí 18 lọ. 4 ṣókùnkùn débi pé kò yẹ kí a fi wakọ̀ rárá. Ìlànà tó ṣètò àwọn nọ́ńbà yìí kò fọwọ́ sí i pé kí a fi awò tí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á kọjá kò tó ìdá 75 nínú 100 wakọ̀ lóru tàbí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, èmi ò sì rí ìdí tí ti kẹ̀kẹ́ fi máa yàtọ̀. Kí oòrùn tó yọ, 0 ni kí ẹ lò.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́:
Mo yẹ apá tèmi wò, 0 ni wọ́n kọ sí i.

Oníṣẹ́ Awò:
Ìdí nìyẹn tí kò fi yọ yín lẹ́nu, Bàbá. Ìyeyè mìíràn wà tó jẹ́ 1.

Àdùkẹ́ Manchester:
Èyí tó ń ṣú fúnra rẹ̀ ni mo ń lò níbí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Ìtànṣán UV inú oòrùn, èyí tí ojú kò lè rí, ló ń mú un ṣú. Ó máa ń tètè ṣú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ padà, pàápàá nínú òtútù. Bí mo bá kúrò nínú oòrùn bọ́ sábẹ́ igi lójijì, ojú mi á kọ́kọ́ ṣókùnkùn ná. Ní ti ilé ní Nàìjíríà, ooru kì í jẹ́ kó ṣú tó bó ṣe yẹ.

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé n kò lè rí ẹyọ kan tí yóò ṣe méjèèjì láìjẹ́ pé mo san owó ńlá?

Oníṣẹ́ Awò:
Ẹ wá férémù tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, kí ẹ ra lẹ́ńsì funfun tó mọ́ gaara kan àti dúdú oní-3 kan, kí èyí tí ẹ kò lò wà nínú àpò aṣọ rírọ̀. Ẹ béèrè fún polycarbonate, irú ike líle kan, nítorí pé ó ń dí UV lọ́nà kódà nígbà tó bá mọ́ gaara, òkúta tó ta láti abẹ́ táyà kì í sì í tètè fọ́ ọ. Ẹ má ra polarised, ìyẹn awò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ojú títì kù, fún àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ń gba nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀. Nǹkan máa ń tètè ha polycarbonate lára ṣá o, nítorí náà, ẹ fi omi ṣan eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fi aṣọ nù ún.