Mo hú òdòdó ìgbà òtútù mi gbìn síbòmíràn, ó ń kú lọ: ẹ gbà mí o

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko ẹ̀yìnkùlé nílùú òyìnbó. Manchester ni mò ń gbé. Mo ní igi òdòdó kékeré kan tó ń jẹ́ Daphne odora, oríṣi tí etí ewé rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Lóṣù kejì, tí òtútù ṣì ń gé ni létí, ló máa ń tanná. Ó ń ta sánsán débi pé àwọn àlejò ń bi mí lọ́fínńdà tí mo fín!

Lóṣù kẹsàn-án ni mo ṣe wèrè, mo hú u lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Amọ̀ nilẹ̀ ibẹ̀, omi kì í tètè fà. Ní báyìí, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó, wọ́n sì ń já bọ́. Ìrudi mẹ́rin péré ló yọ, kò là. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kà á pé kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò òun.

Ṣé kí n tún hú u, kí n gbé ilẹ̀ ga pẹ̀lú yanrìn, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ṣé mo lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn nígbà ooru? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbé e wọlé. Májèlé ni, mo sì ní ọmọ ọdún méjì.