Jẹ́sì Melrose tí mo rà l'Ọ́mídà: ta ló mọ ìtàn ẹgbẹ́ rọ́gbì yìí?

Kóòṣì Ìbẹ̀rẹ̀kòdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra jẹ́sì òkìríkà kan lọ́jà Ọ́mídà, l'Abẹ́òkúta níbí. Dúdú àti ìyeyè ni, aṣọ rẹ̀ nípọn, ó sì ní kọ́là. Melrose ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹgbẹ́ rọ́gbì kan ni, ní ìlú kékeré kan ní Skọ́tílándì, àti pé láti 1877 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Kì í ṣe torí aṣọ ni mo ṣe ń béèrè. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi àti bọ̀dá méjì ti ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó bọ́ọ̀lù, owó mọ́tò, àpò wa ló ti ń jáde. Lóṣù tó kọjá a ò rí owó ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Ṣàgámù, bí ìdíje yẹn ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn láìjẹ́ pé a gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ọmọ ọdún 13 kan ti wọ bàtà rẹ̀ láti aago márùn-ún ìdájí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Báwo ni ẹgbẹ́ ìlú kékeré ṣe ń wà láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn títí dòní?

Ọmọ Olúmọ:

Ṣé rọ́gbì kọ́ ni ti bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin, èyí tí wọ́n ń gbé há abíyá sáré? Màmá Aládìrẹ ti gbé apá ibẹ̀ rí. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú:

Kóòṣì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Bí mo ṣe rí orúkọ Melrose báyìí, ọkàn mi ti fò lọ sétí odò Tweed. Galashiels ni mo ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ àti aró, ní ẹ̀ka yunifásítì Heriot-Watt tó wà níbẹ̀. Melrose ò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin sí wa. Gbogbo èèyàn ìlú náà kò ju ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ lọ. Ahoro ilé àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, òkè mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Eildon wà lẹ́yìn ìlú, Greenyards sì lorúkọ pápá wọn.

Ní 1877 tí wọ́n sọ fún yín, òótọ́ ni. Àwọn ará Gala, bí wọ́n ṣe ń ké Galashiels kúrú nìyẹn, àti àwọn ará Melrose ló jọ ń gbá a tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí lórí pápá ló sọ fún mi pé òru ọjọ́ kan làwọn Melrose lọ wú òpó góòlù, tí wọ́n sì rù ú lọ sílé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Galashiels tí mo gbé láàárín wọn ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n jí i.

Kóòṣì, ẹ wá fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1883, owó tán nídìí ẹgbẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá a ń jẹ́ Ned Haig. Alápatà ni. Ọmọ Jedburgh ni, iṣẹ́ ẹran ló gbé e dé Melrose. Wọ́n ń múra láti ṣe ọjọ́ eré ìdárayá kí wọ́n lè rí owó, Haig ní kí wọ́n fi ìdíje rọ́gbì sí i. Èèyàn 15 ló sì ń gbá rọ́gbì ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mélòó ló fẹ́ gbá irú ìyẹn tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo? Ìgbà tí wọ́n rò ó títí, wọ́n dín in kù sí èèyàn méje, ìṣẹ́jú 15 péré ni ìfigagbága kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ kò ní ronú kàn láé nìyẹn!

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1883 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin kó èrò wá láti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Àwọn obìnrin Melrose ló fi ife sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí, Ife Àwọn Obìnrin ni wọ́n ń pè é di òní olónìí. Ta ló wá bá ara wọn pàdé ní àṣekágbá? Melrose àti Gala, àwọn tó jìjà òpó góòlù. Ìṣẹ́jú 15 pé, kò sẹ́ni tó jẹ. Wọ́n fi àkókò kún un. David Sanderson tó jẹ́ ọ̀gá Haig nídìí iṣẹ́ ẹran ló sáré kọjá ìlà wọn, tó fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, gbogbo Melrose bá fi pápá sílẹ̀ pé àwọn ti borí. Gala yarí pé àkókò ò tíì pé. Ife kúkú ti lọ.

Ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń ṣe ìdíje yẹn, mo sì dé ibẹ̀ lóṣù Kẹrin 2017. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Galashiels dé Tweedbank, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Òtútù ọjọ́ yẹn ò ṣe é fẹnu sọ. Obìnrin kan bu ọbẹ̀ gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù fún mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí ìka mi fi padà wálé. Mo bi í pé ṣé ilé oúnjẹ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó ní rárá, ọmọ òun ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kékeré. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ara wọn ni. Àwọn tó ń darí mọ́tò, ara wọn ni. Owó tó bá wọlé lọ́jọ́ kan yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó ọdún. Kóòṣì, bí wọ́n ṣe ń wà nìyẹn. Ẹ̀yin ẹni mẹ́ta lẹ̀ ń dá ru tiyín, ó sì ń dùn mí.

Alápatà Láfẹ́nwá:

Màmá, ẹ ṣeun. Orí mi wú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fojú ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ nìkan wo àwa alápatà. Ṣé eré elénìyàn méje yẹn wá kúrò ní ìlú wọn?

Ọmọ Olúmọ:

Bọ̀dá mi, ó dé Olympics! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó pọ̀ ni. Ní Rio lọ́dún 2016, Fiji gba góòlù nínú rẹ̀, àmì ẹ̀yẹ Olympics àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn gbà nìyẹn. Wọ́n ti ṣe Ife Àgbáyé tiẹ̀ náà, Melrose Cup lorúkọ ife ọ̀hún. Èyí àkọ́kọ́, ní pápá Murrayfield ní Skọ́tílándì ní 1993, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á, wọ́n na Australia 21 sí 17. Ẹ mọ balógun wọn? Andrew Harriman, Èkó níbí ni wọ́n bí i sí.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú:

O ṣeun, ọmọ mi, mi ò rántí Harriman. Ẹ má rò pé eré méje nìkan ni wọ́n mọ̀ ṣe o. Nínú rọ́gbì elénìyàn 15, wọ́n gba líìgì Skọ́tílándì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1990, wọ́n sì gbà á léraléra lẹ́yìn ìyẹn. Jim Telfer ló kọ́ wọn, tíṣà ni, ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Hawick. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Doddie Weir ti jáde, ọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀n tó gbá a fún Skọ́tílándì lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àìsàn tí ń pa iṣan ara ló mú un, ó sì lo gbogbo okun tó kù fún un láti wá owó ìwádìí àìsàn náà kó tó kú ní 2022. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, níbi aró, nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Kóòṣì Ìbẹ̀rẹ̀kòdó:

Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín fáwọn bọ̀dá mi lálẹ́ àná. A ti ń gbá mọ́ńkí póòsì láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ẹni márùn-ún márùn-ún, góòlù méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jáde. Kò wá sí wa lọ́kàn rí pé owó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ la fẹ́ pè, ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Ìyá àwọn ọmọ mẹ́ta ti ní àwọn á din àkàrà, àwọn á fi èrè sílẹ̀. Ohun tí a máa fún ẹni tó bá borí la ò tíì rí.

Alápatà Láfẹ́nwá:

Ẹsẹ̀ màlúù méjì, lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn sọ ọjọ́.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú:

Ife tàwọn obìnrin ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwa Ìtòkú. Màá bá àwọn tí a jọ ń re aró sọ̀rọ̀, a ó ra ife, a ó sì fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ dì í. Pápá wo lẹ fẹ́ lò?

Kóòṣì Ìbẹ̀rẹ̀kòdó:

Màmá, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni. Òpó góòlù kan ti kán níbẹ̀, káfíńtà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá wọ̀n ọ́n.